Ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn tí kì í gba agbára ilẹ̀: ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ àti agbègbè rẹ̀

Láti Oríire dé Sùúrùlérè, títí kan Ògo-Olúwa, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn àgbà àgbẹ̀ ń sọ: ilẹ̀ kò sinmi mọ́. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ti dáko síbì kan fún ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí igbó bò ó, wọ́n á lọ ṣán ibòmíràn. Lónìí, ilé ti wọ inú oko, ẹbí ti pọ̀ ju ilẹ̀ lọ, ojú kan náà la sì ń kọ ebè sí lọ́dọọdún. Yangan tó yẹ kó dúdú minimini a máa pọ́n láwọ̀, ẹ̀gẹ́ a máa ta tín-ín-rín, owó ajílẹ̀ sì ń ga sí i. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn yí ọwọ́ padà. Ibi tí wọ́n ti máa kọ́ ọ ni wọn kò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ́ náà wà nítòsí. Yunifásítì LAUTECH wà nínú ìlú wa, IITA, ilé ìwádìí àgbáyé lórí irè oko, wà lójú ọ̀nà tí à ń gbà wọ Ìbàdàn, ARMTI, ilé ẹ̀kọ́ ìṣàkóso iṣẹ́ àgbẹ̀, sì wà ní Ìlọrin tí kò jìnnà sí wa. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni bí ẹ ṣe máa tò ó tẹ̀léra: ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ ṣe lóko yín, ẹni tí ẹ máa lọ bá, ohun tí ẹ máa wò lórí fóònù, àti bí ẹ ṣe máa dán gbogbo rẹ̀ wò kí ẹ tó náwó lé e lórí. Ìdánwò yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, torí ìmọ̀ràn tó so èso rere ní Kánò lè má ṣe nǹkan kan lórí ilẹ̀ oníyanrìn Ìkòyí-Ilé.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ ka oko yín kí ẹ tó ka ìwé kankan

Ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ rìn yí oko yín ká láàárọ̀ ọjọ́ kan. Koríko tó ń hù níbẹ̀ á sọ púpọ̀ fún yín. Ibi tí ẹ̀kan ti gbilẹ̀, tí iná sì ń jó o lọ́dọọdún, ó ti rẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Bí ẹ bá rí koríko kékeré olódòdó àlùkò tó ń yọ nídìí yangan tàbí ọkà bàbà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Striga, ẹ mọ̀ pé gbòǹgbò ọkà yín ló lẹ̀ mọ́, oje rẹ̀ ló ń fà mu, ilẹ̀ tí kò lókun ló sì fẹ́ràn jù. Ibi tí ewé Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀, ti ṣú bolẹ̀ yàtọ̀ sí ìyẹn. Ilẹ̀ irú ibẹ̀ ti ń gba ara padà, ẹ má sì kánjú finá sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ́ ihò kan tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ṣé ekòló wà níbẹ̀? Ṣé ilẹ̀ òkè dúdú, àbí iyanrìn funfun ni látòkè délẹ̀? Ẹ bomi sí ojú ilẹ̀ kí ẹ wò ó bóyá ó ń mu ún tàbí ó ń ṣàn lọ. Ẹ kọ ohun tí ẹ gbìn síbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ohun tí ẹ fi sí i, àti iye àpò tí ẹ kó níbẹ̀.

Nínú àkọsílẹ̀ yìí ni ìbéèrè yín á ti jáde. Ẹni tó bá lọ bá onímọ̀ pé “Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe lè kórè púpọ̀?” kò ní rí ìdáhùn gidi gbà, torí ìbéèrè náà fẹ̀ jù. Àmọ́ ẹni tó bá ní, “Oko mi wà lẹ́yìn Gàmbàrí, iyanrìn ni, ọdún karùn-ún rèé tí mò ń gbin yangan sí i, koríko olódòdó àlùkò ti ń yọ nídìí rẹ̀, kí ni mo lè gbìn tẹ̀lé e?” á gbọ́ ìdáhùn lójú ẹsẹ̀: ẹ gbin sóyà tàbí ẹ̀wà tẹ̀lé e. Gbòǹgbò sóyà àti ti ẹ̀wà a máa mú kí èso Striga hù, àmọ́ kò ní rí oje fà mu lára wọn, ó sì máa kú. Ìbéèrè kan péré ni kí ẹ mú fún ọdún kan. Bí ẹ bá kó mẹ́fà pọ̀, ẹ ò ní rí ìkankan yanjú.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ yín wò

Tí owó bá wà fún nǹkan kan ṣoṣo nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ fi yẹ ilẹ̀ wò. Àgbẹ̀ tó ń ra ajílẹ̀ láìmọ ohun tí ilẹ̀ rẹ̀ ń béèrè lè máa fi owó kún ohun tí ilẹ̀ ti ní tẹ́lẹ̀, kí ohun tó ṣaláìní sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ilé àyẹ̀wò kò sì lè sọ òótọ́ fún yín bí ilẹ̀ tí ẹ gbé lọ kò bá dúró fún oko yín. Bí ẹ ṣe máa bù ú nìyí.

Ẹ ṣe é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí èsì lè dé kí ẹ tó gbìn. Ẹ wá ọkọ́ tó mọ́ àti bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke tí ẹ kò fi po ajílẹ̀ rí. Ẹ rìn wọ́gọwọ̀gọ láti ìpẹ̀kun oko kan dé èkejì, kí ẹ máa dúró bu ilẹ̀ níbi 15 sí 20. Níbi tí ẹ bá dúró sí kọ̀ọ̀kan, ẹ gbá koríko ojú ilẹ̀ kúrò, ẹ gbẹ́ ihò dé sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ wá fi ọkọ́ fá ẹ̀gbẹ́ ihò náà látòkè délẹ̀ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má bù níbi tí wọ́n ti finá sun igi, tàbí níbi àkìtàn àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ ọ̀gán, ìdí igi igbá, àti ibi tí wọ́n ti ń so ẹran mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ àwọn ibẹ̀ yàtọ̀, wọ́n á ba èsì jẹ́. Bí oko yín bá ní òkè àti àkùrọ̀, ẹ bu tòkè lọ́tọ̀, kí ẹ bu tàkùrọ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀ dáadáa, ẹ ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò, ẹ tẹ́ ẹ sórí ìwé níbi ìbòòji kó gbẹ. Ẹ má sá a sóòrùn, ẹ má sì yan án lórí iná. Tó bá ti gbẹ, ẹ wọn bíi ìdajì kílò sí kílò kan sínú ọ̀rá tó mọ́, kí ẹ kọ orúkọ yín, abúlé, ọjọ́ tí ẹ bù ú, bó ṣe jìn tó, àti ohun tí ẹ gbìn kẹ́yìn síbẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ibi tí ẹ máa gbé e lọ: ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ LAUTECH, torí òun ló sún mọ́ wa jù. Ilé ìwádìí IAR&T tó wà ní Moor Plantation, Apata, Ìbàdàn, lábẹ́ yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀, IITA náà sì ní ilé àyẹ̀wò tirẹ̀. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń gbà kí ẹ tó gbéra. Bí owó bá pọ̀ jù fún ẹnì kan, àgbẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin tí oko wọn kan ara, tí wọ́n sì ń gbin nǹkan kan náà, lè dáwó jọ fún ẹyọ kan.

Tí èsì bá jáde, ẹ má gbà á bí ìwé lásán. Ẹ ní kí wọ́n ka nǹkan mẹ́ta fún yín: bóyá ilẹ̀ kan ju bó ṣe yẹ lọ (ọ̀pọ̀ irè oko a máa ṣe dáadáa níbi tí pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe kan tó, bá wà láàárín 5.5 sí 7), bí ohun jíjẹrà ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀, àti èyí tó ṣaláìní nínú oúnjẹ irúgbìn mẹ́ta yìí: náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtáṣíọ̀mù. Ẹ wá béèrè pé kí wọ́n sọ ọ́ di àpò: àpò mélòó fún éékà kan, ìgbà wo ni kí n fi sí i, kí ni mo sì lè fi dípò rẹ̀ bí n kò bá rówó rà á.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ lọ bá ènìyàn

Òṣìṣẹ́ ADP, ètò ìjọba fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. ADP ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, OYSADEP, pín ìpínlẹ̀ yìí sí ẹkùn mẹ́rin: Ìbàdàn pẹ̀lú Ìbàràpá, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ṣakí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni ẹkùn tiwa. Iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn ni láti gbé ohun tí ilé ìwádìí rí wá sí oko, kí wọ́n sì gbé ìṣòro oko padà lọ fún wọn. Òótọ́ ni pé wọn kò pọ̀ tó, abúlé tó wà lọ́rùn ẹnì kan a sì máa pọ̀ ju ohun tí ọ̀kadà rẹ̀ lè gbé lọ. Nítorí náà, ẹ má jókòó máa retí rẹ̀. Ẹ bi ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín léèrè orúkọ ẹni tó ń mójú tó agbègbè yín, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ pè é pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo tí ẹ ti kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé àgbẹ̀ méjìlá ń dúró de òun ní Àjáàwà á tètè wá ju bí ẹnì kan bá pè é lọ.

LAUTECH tẹ̀lé e. Láti ọdún 1990 ni yunifásítì yìí ti wà lọ́nà Ìlọrin, àmọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ìtòsí rẹ̀ kò tíì wọ ọgbà rẹ̀ rí àfi tí ọmọ wọn bá ń kàwé níbẹ̀. Ó ní oko ẹ̀kọ́ àti ìwádìí. Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín ni pé kí ẹ kọ lẹ́tà, àní bó ṣe ojú ìwé kan, lórúkọ ẹgbẹ́ yín, kí ẹ sì bẹ̀bẹ̀ láti wá wo oko náà. Ọ̀nà mìíràn tún wà tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tó ń ṣèwádìí a máa wá oko àgbẹ̀ tí wọ́n á ti dán nǹkan wò. Bí ẹ bá yọ̀ǹda igun kan nínú oko yín, ẹ̀kọ́ á tẹ̀ yín lọ́wọ́ lójú oko yín gan-an. Ẹ kàn jẹ́ kó yé wọn látìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ fẹ́ gbọ́ èsì náà ní Yorùbá nígbà tí wọ́n bá parí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó ìwé wọn lọ láìsọ ohun tí wọ́n rí fún yín.

Ní Ìbàdàn, ẹ mọ ẹni tó ń ṣe kí ni, kí ẹ má baà ná owó ọkọ̀ lásán. IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ nítòsí Moníyà. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ á dé ibẹ̀ kó tó wọ ìgboro. Ẹ̀gẹ́, iṣu, yangan, sóyà, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni tiwọn. NIHORT ní Ìdí-Ìṣìn, Jẹ́ríkò, ló ń rí sí ata, tòmátì, ẹ̀fọ́ àti igi eléso bíi máńgòrò. CRIN ní Ìdí-Ayunrẹ́ kì í ṣe ti kòkó nìkan gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe rò, kajú wà lára iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń darí ẹgbẹ́ àti owó oko lè lọ sí ARMTI ní Ìlọrin.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí kajú, nítorí ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé níhìn-ín, a ò sì fi bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ lọ béèrè. Èkíní, àyè tó yẹ kó wà láàárín igi sí igi: ọ̀pọ̀ oko kajú wa ló fún jù, ẹ̀ka ti wọ inú ara, oòrùn kì í dé ìsàlẹ̀, èso a sì máa dín kù bí igi ṣe ń dàgbà. Èkejì, ohun tí a lè gbìn sáàárín rẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Ẹ̀wà àti ẹ̀pà a máa bo ilẹ̀, wọ́n a sì máa fún un lókun, àmọ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbìn sún mọ́ ọn jù á bá a du oúnjẹ. Ẹ̀kẹta ni oyin. Ìgbà ọyẹ́ ni kajú máa ń tanná, oyin àti àwọn kòkòrò mìíràn sì ni wọ́n ń gbé àtíkè òdòdó láti ìkan sí ìkan. Ẹni tó bá fọ́n apakòkòrò lójú ọ̀sán nígbà tí òdòdó là ti lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ilé oyin méjì mẹ́ta nínú oko kajú á mú owó oyin wá, á sì ran èso lọ́wọ́. Kí ọyẹ́ tó mú gan-an ni kí ẹ ti pa ọ̀nà iná yí oko ká, torí iná ìgbẹ́ ọjọ́ kan lè jó iṣẹ́ ogún ọdún.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ jókòó ti àwọn àgbà

Ìwé kọ́ ni gbogbo ẹ̀kọ́. Bàbá tó ti ń dáko ní Ìrẹ̀sà-Adú láti kékeré mọ ibi tí omi ń gbà, ọdún tí òjò pẹ́, àti ohun tí wọ́n ń gbìn sí ilẹ̀ tó rẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè nípa òtílí. Ọ̀pọ̀ ìran ló ti ń gbìn ín sí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀. Ewé rẹ̀ tó ń já bọ́ a máa di oúnjẹ fún ilẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń fa náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́, ohun tí ilé ìwádìí wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi ń dá igi igbá àti igi emi sí láàárín oko. Lójú mi, gígé tí a ń gé àwọn igi yìí fi sun èédú wà lára ohun tó ń dun ilẹ̀ wa jù.

Kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ló tọ́, ẹ má gbàgbé. Finá sungbó lọ́dọọdún kò léwu púpọ̀ nígbà tí ilẹ̀ ṣì ń sinmi fún ọdún mẹ́wàá. Ní báyìí, ó ń jó ewé tó yẹ kó di ọ̀rá ilẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe ń kọ ti olùkọ́ yunifásítì, kí ẹ sì dán an wò bákan náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Fóònù àti rédíò

Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ibi tí mo máa kọ́kọ́ darí yín sí ni Access Agriculture. Fídíò àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà ló wà níbẹ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí wọ́n ń sọ, wọ́n sì ti túmọ̀ púpọ̀ nínú rẹ̀ sí Yorùbá. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀dà tó kéré fún fóònù onítọ́ọ̀ṣì tó ní mẹ́mọ́rì wà, èyí tó jẹ́ ohùn lásán sì wà. Ọmọ kan tó mọ fóònù lò lè gbà á sílẹ̀ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára nígboro, kó sì pín in láti fóònù sí fóònù lábúlé láìná dátà mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó sọ̀rọ̀ lórí Striga.

Fún àwọn tó ń gbin ẹ̀gẹ́, ohun èlò méjì wà tí IITA lọ́wọ́ sí. AKILIMO a máa gba ibi tí oko yín wà, ìgbà tí ẹ fẹ́ gbìn, àti iye owó tí ẹ ní, á sì sọ irú ajílẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ tó lè mówó wọlé. PlantVillage Nuru, tí yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà bá IITA ṣe, a máa wo ewé ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú kámẹ́rà, á sì sọ bóyá àrùn tó ń ká ewé lọ́wọ́ kò, tó ń sọ ọ́ di àbàwọ́n ìyeyè, ló ń ṣe é. Tó bá ti wọ fóònù tán, kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì láti ṣiṣẹ́, èyí tó bá oko wa mu. Bí ẹ bá rí àrùn náà, ẹ má gé ọ̀pá ẹ̀gẹ́ yẹn gbìn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, NiMet, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, a máa kéde bí òjò ọdún náà ṣe máa rí: ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó máa dá, àti ìgbà tí ọ̀dá lè wà láàárín. Kì í ṣe àṣẹ, àmọ́ ó máa ń ràn yín lọ́wọ́ láti má ṣe sáré gbin yangan lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́ tó tan ni jẹ.

Ní ti rédíò, Àmùlùdùn FM ní Ìbàdàn àti Àjílété FM ní Gàmbàrí ń sọ èdè wa. Tí wọ́n bá pe onímọ̀ àgbẹ̀ wá, ẹ pè wọ́n, ẹ béèrè ìbéèrè yín gan-an. Bí ẹ bá ti ń pè, wọ́n á mọ̀ pé àgbẹ̀ ń gbọ́ wọn.

WhatsApp wà, mo mọ̀. Ìmọ̀ràn tó bá dé láìsí orúkọ ilé ìwádìí, láìsí ìwọ̀n, láìsí irú ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe é, ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ dán an wò lórí igun kékeré

Ẹ má gbé ẹ̀kọ́ tuntun lé gbogbo oko lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ yan ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ dọ́gba, kí ẹ wọn apá méjì, mítà 10 ní gígùn, mítà 10 ní ìbú. Apá kan á gba ohun tuntun, èkejì á wà bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Irúgbìn kan náà, ọjọ́ kan náà, ìroko kan náà. Ohun kan ṣoṣo ni kó yàtọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá wà, ẹ tún un ṣe níbi mẹ́ta nínú oko, torí ojú kan lè jẹ́ ibi àkìtàn àtijọ́ tí ẹ kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìgbẹ́ adìyẹ ṣe àpẹẹrẹ. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń dámọ̀ràn jẹ́ tọ́ọ̀nù 5 sí 10 fún hẹ́kítà kan. Lórí apá tí ẹ wọ̀n yẹn, tọ́ọ̀nù 5 á já sí kílò 50, ìyẹn bí àpò kan. Ẹ má lo èyí tó tutù, torí ó máa ń jó irúgbìn. Ẹ kó o jọ, ẹ bò ó, kó jẹrà kí òórùn rẹ̀ rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbìn. Bí ó bá di ti éékà kan, ó tó bí àpò 40 oníkílò 50. Nísinsìnyí ni kí ẹ ṣírò owó ọkọ̀ láti ilé adìyẹ dé oko yín, kí inú yín tó dùn sí i. Ẹni tí ilé adìyẹ bá sún mọ́ á jèrè, ẹni tó jìnnà sì lè rí i pé sóyà tàbí òtílí á dín ìnáwó kù ju ìgbẹ́ lọ.

Ẹ fi òṣùwọ̀n kan náà wọn ìkórè apá méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́. Ẹ sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ di owó ọjà, ẹ wá yọ owó tí ẹ fi kún un kúrò. Ẹ má tíì tú èèkàn àmì ká, nítorí ìgbẹ́ ẹran a máa ṣiṣẹ́ dọ́dún kejì. Àgbẹ̀ tó wo ọdún kan péré á rò pé kò tó ohun tó ná.

Ẹ ka iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ owó. Ní bí 1970 sí 1990, IITA kọ́ àwọn àgbẹ̀ láti máa gbin igi bíi àgúnmániyè ní ìlà-ìlà, kí wọ́n máa gé ewé rẹ̀ sí ilẹ̀ tó wà láàárín ìlà méjì. Ilẹ̀ gbádùn rẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi í sílẹ̀, nítorí gígé rẹ̀ ń gba ọwọ́ púpọ̀ lásìkò tí ìroko àti ìgbìn pè wọ́n. Nítorí náà, nínú ìwé yín, ẹ kọ iye ènìyàn àti ọjọ́ tí ohun tuntun náà gbà.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ ṣọ́ra fún olùkọ́ tó ń tajà

Ẹni tó ń ta oògùn kọ́ ló yẹ kó jẹ́ olùkọ́ yín lórí oògùn. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ló burú, àmọ́ ìdáhùn tó wà lórí pẹpẹ rẹ̀ ni yóò fún yín. Nígbà tí kòkòrò ajẹyangan tí wọ́n ń pè ní fall armyworm dé Nàìjíríà ní 2016, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni wọ́n ta oògùn fún láìsọ pé ẹni tó bá ń yẹ ewé wò ní ìbẹ̀rẹ̀, tó ń fọwọ́ tẹ ẹyin rẹ̀ pa, lè dín in kù kó tó wọ àárín ọmú yangan, níbi tí oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé.

Bí ẹ bá máa lo oògùn, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, kí ẹ sì wo àwọ̀ ìlà tó wà nísàlẹ̀ ìwé ara ìgò. Pupa ló lóró jù, ìyeyè tẹ̀lé e, lẹ́yìn rẹ̀ búlúù, ewé ló sì kéré jù. Ẹ ka iye ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ kọjá láàárín ìfọ́n àti ìkórè, pàápàá lórí ata àti ẹ̀fọ́. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, torí náà ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ń gbé e fún yín lábẹ́ káńtà, ẹ má gbà á, kò ní oògùn tó ń wo ẹni tó bá gbé e mì. Ní ti irúgbìn, ẹ wá àmì NASC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó irúgbìn, lára àpò, kí ẹ tọ́jú àpò náà títí tí irúgbìn fi máa hù.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ sọ àáró di ilé ẹ̀kọ́

Ní 1989, ní Indonesia, FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n pè ní ilé ẹ̀kọ́ inú oko fún àwọn olóko ìrẹsì. Àwọn àgbẹ̀ bíi 25 á máa pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú oko kan láti ìgbìn dé ìkórè. Wọ́n á ka kòkòrò, wọ́n á ya àwòrán ohun tí wọ́n rí, wọ́n á jiyàn lórí rẹ̀, kí wọ́n tó pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe. Kò sí olùkọ́ tó ń sọ̀rọ̀ níwájú pátákó.

Àwa ti ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ àáró tó ń ti oko dé oko lè fi ìṣẹ́jú 30 kún un lẹ́yìn iṣẹ́, kí olóko fi apá méjèèjì tó ń dán wò han àwọn yòókù. Bí ẹni mẹ́fà bá dán nǹkan mẹ́fà wò, ẹgbẹ́ á kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́fà lọ́dún kan. Ẹ rí i pé àwọn obìnrin wà níbẹ̀, kí ẹ sì yan àkókò tí kò ní pa ọjà wọn lára. Àwọn ló ń gbin púpọ̀ nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, àwọn ló sì mọ ohun tí oníbàárà ń béèrè. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó bá lágbára lè rán ọ̀dọ́ kan lọ sí ilé ẹ̀kọ́ oko Songhai ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ bí ìdọ̀tí ẹran ṣe ń di oúnjẹ ẹja àti ajílẹ̀ irè oko láti 1985, kó sì padà wá kọ́ àwọn yòókù.

Bí ọdún kan ṣe lè lọ

Oṣù kìn-ín-ní sí ìkejì: ẹ bu ilẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ẹ gbọ́ ohun tí NiMet sọ, ẹ kọ lẹ́tà sí LAUTECH. Oṣù kẹta: ẹ pe òṣìṣẹ́ ADP, ẹ pín ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa dán wò nínú ẹgbẹ́, ẹ kó ìgbẹ́ adìyẹ jọ kó jẹrà. Tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ wọn apá méjì yín, ẹ gbìn. Láti ìgbà náà, ẹ máa wo oko ara yín lọ́sẹ̀ méjì méjì. Nígbà tí òjò bá dákẹ́ lóṣù kẹjọ, ẹ wo apá tó kọ́kọ́ rọ, torí ibẹ̀ ni ilẹ̀ tó ní ohun jíjẹrà nínú máa ń yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Ní ìkórè, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́, ẹ ṣírò owó rẹ̀. Kí ọdún tó parí, ẹ pè òṣìṣẹ́ ADP yín padà, ẹ ka ìwé náà sí i létí, kí ẹ sì bi í léèrè ìbéèrè ọdún tó ń bọ̀.